Àmì Mẹ́ta Tó Jẹ́ Irọ́ Lára Ògiri Bàbá Jòsáyà

Kí n tó sọ ohun rere kan nípa bàbá tó bí bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí èmi fúnra mi bàjẹ́. Lára ògiri pálọ̀ ilé wa ní Ìṣẹ́-Èkìtì, níbi tí Bàbá ti máa ń fi èédú sàmì bí àwọn èèyàn ṣe fẹ́ràn Ààrẹ tó láti oṣù dé oṣù, àmì mẹ́ta wà tí kì í ṣe òótọ́. Ọwọ́ Bàbá ló tẹ̀ wọ́n síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi ni wọ́n ti jáde. Gbogbo èyí tó kù lára ògiri yẹn, fún ọdún tó ju ọjọ́ orí mi lọ, bó ṣe rí gan-an ni Bàbá ṣe kọ ọ́. Mẹ́ta péré ni irọ́, èmi ni mo sì pa á.

Nígbà ìsìnkú rẹ̀, àwọn èèyàn ń wọlé wá wo ògiri náà, wọ́n ń fi fóònù ya á. Alàgbà kan nínú ìjọ wa gbá mi léjìká, ó ní, "Dàpọ̀, òótọ́ lẹ jogún nílé yìí o." Mo ní ẹ ṣeun, sà. Mo wá ọgbọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ìwé mi kò pọ̀. Mo ti fi iléèwé girama sílẹ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ mi tó ṣe ìdánwò àṣekágbá, ọ̀kadà ni mo sì ń gùn ní oríta. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ mi bá ń fò síbí tó ń fò sọ́hùn-ún, ẹ fara dà á. Bó ṣe ń sọ sí mi lọ́kàn ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Ẹni tí kò bá mọ Bàbá yóò rò pé olóṣèlú ni. Ká má rí i! Bàbá kò ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú kankan rí, kò sì gba fìlà lọ́wọ́ wọn rí. Àgbẹ̀ kòkó ni. Àmọ́ nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́, ó bá àwọn tó ń yẹ kòkó wò fún ìjọba ṣiṣẹ́, ó ń gbé irinṣẹ́ wọn kiri láti Ìṣẹ́ dé Èmùré. Iṣẹ́ yẹn ló kọ́ ọ ní ohun gbogbo tó mọ̀ nípa ọmọ aráyé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Irin gígùn kan wà tó ní ihò nínú. Tí àgbẹ̀ bá gbé àpò kòkó rẹ̀ wá, wọ́n á ki irin yẹn bọ òkè àpò, wọ́n á ki í bọ àárín, wọ́n á sì ki í bọ ìsàlẹ̀ pátápátá. Kòkó díẹ̀díẹ̀ á bá irin jáde láti ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n á wá fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ti bu nínú á hàn, èyí tí kò gbẹ á hàn. Wọn kì í tú àpò. Ìwọ̀nba tí irin bá mú jáde ni wọ́n fi ń mọ ohun tó wà nínú gbogbo rẹ̀.

Ó máa ń sọ ìtàn ọkùnrin kan ní àdúgbò wa tó da kòkó tó ti bu sísàlẹ̀ àpò, tó wá fi èyí tó ń dán bò ó lórí. Ọkùnrin náà wọ agbádá wá síbi àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn. Bí Bàbá bá dé ibí yìí nínú ìtàn náà, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀ títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, kó tó wá parí rẹ̀ pé, "Ó ti gbàgbé pé irin gùn ju ọgbọ́n òun lọ."

Nígbà tó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, kò fi ìwà ibẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ni rédíò sọ pé gbogbo orílẹ̀-èdè ló fẹ́ràn ẹni tó wà lórí àlééfà nígbà náà. Bàbá wo Ìyá àgbà, ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ṣé wọ́n bi ọ́?" Ìyá àgbà ní wọn ò bi òun. Ó ní, "Wọn ò bi èmi náà. Ẹnu àpò ni wọ́n wò." Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló ṣa èèyàn méjìlá jọ. Mẹ́rin ń gbé lẹ́bàá títì ọlọ́dà, níbi tí ọkọ̀ àwọn ńlá-ńlá ti ń kọjá. Ó ní ẹnu àpò nìyẹn. Mẹ́rin wà ní àwọn agbolé inú ìlú lọ́hùn-ún, àárín àpò. Mẹ́rin tó kù wà ní Abà Odò, abúlé àwọn àgbẹ̀ tó jìnnà sí ìlú, tí ọ̀nà rẹ̀ ń pa táyà. Ìsàlẹ̀ àpò gan-an nìyẹn.

Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, á rìn lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Bí wọ́n bá ní kó o tún un yàn lónìí, ṣé wàá yàn án?" Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kì í gba "ó di ọwọ́ Ọlọ́run," nítorí ó ní Ọlọ́run kò sí lára àwọn méjìlá. Tó bá délé, á ka iye àwọn tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, á wọn ògiri pẹ̀lú ìka, á tẹ èédú síbi tó yẹ, á sì fa ìlà láti àmì oṣù tó kọjá wá síbẹ̀. Tí ẹnìkan nínú àwọn méjìlá bá kú, ẹlòmíì láti ibi tí olóògbé náà ń gbé gan-an ló máa fi rọ́pò rẹ̀.

Àwọn ọmọdé ìlú ló sọ ọ́ ní Bàbá Ògiri, àgbà náà sì gbà á. Àwọn kan a máa bínú pé kò bi àwọn. Télọ̀ kan ní iwájú ilé wa bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní, "Bàbá Ògiri, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi èmi náà. Ọ̀rọ̀ kún inú mi nípa ìjọba yìí, ó fẹ́ pa mí!" Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀ tàánútàánú, ó sì kọjá lọ, ó ní, "Ìwọ kọ́ ni irin mú jáde."

Ẹni tó bá ti dé Ìkẹ́rẹ́ rí, tó sì wo àwọn àpáta ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ga lójijì tí wọ́n sì já wálẹ̀, ti mọ bí ògiri wa ṣe rí. Mo máa ń dúró níwájú rẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, n ó fi ìka tọ ìlà náà, gòkè, sọ̀kalẹ̀, gòkè. Kò sí Ààrẹ kan tí kì í bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Bàbá ní bí ìyàwó tuntun ni. Ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ní iyọ̀ púpọ̀ jù lójú ọkọ. Tó bá di bí oṣù mẹ́fà, ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀. Epo ọkọ̀ á gbówó lórí, ìlà á já. Ìrẹsì á wọ́n, á tún já. Bí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa bá gba ife wálé, á fò sókè fún oṣù kan, bí ẹni pé Ààrẹ fúnra rẹ̀ ló gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Bí Ààrẹ bá ṣàìsàn, á gòkè díẹ̀, nítorí àánú. Tí kòkó bá wá lówó lórí, àwọn ará Abà Odò á dáríjì, ìyẹn bí wọ́n bá rí kòkó náà tà.

Èyí tó máa ń pa Bàbá lẹ́rìn-ín jù ni ti àwọn tó ti gbé ìjọba sílẹ̀. Nígbà míì á bi àwọn èèyàn rẹ̀ nípa Ààrẹ àtijọ́, ẹni tí gbogbo wọn bú títí tó fi lọ. Wọ́n á kẹ́dùn, wọ́n á ní, "Háà, ìgbà tiẹ̀ ṣì dára." Bàbá á padà wálé, á dúró níwájú ògiri, á fọwọ́ sí ibi tí ìlà ọkùnrin náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà náà, á mi orí. Mo bi í lọ́jọ́ kan ìdí tí àwọn èèyàn fi ń yí báyìí. Kò tilẹ̀ rò ó. Ó ní, "Dàpọ̀, ta ló sọ fún ọ pé Ààrẹ là ń fẹ́ràn? Ìkòkò ọbẹ̀ wa là ń fẹ́ràn."

Ó ní ọ̀tá kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ sì ni ọ̀tá náà. Bàbá Tíṣà là ń pè é, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tó ń ti Èmùré wá ní Sátidé. Bàbá Tíṣà ń gbọ́ rédíò ilẹ̀ òkèèrè, ó sì mọ̀ pé àwọn òyìnbó náà ń ṣe irú nǹkan báyìí, àmọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni wọ́n ń bi. Kò lè gba àwọn méjìlá Bàbá gbọ́ láéláé. Bí wọ́n bá jókòó síwájú ògiri náà báyìí, ariwo wọn á dé títì.

"Jòsáyà, èèyàn méjìlá! Àpọ́sítélì ló ń jẹ́ méjìlá, kì í ṣe Nàìjíríà!"

"Àwọn méjìlá yẹn náà kọ́ ló kárí ayé?"

"Ẹ̀mí Mímọ́ ló bá àwọn yẹn lọ. Ìwọ, kí ló ń bá ọ lọ sí Abà Odò?"

Bàbá na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó wò wọ́n dáadáa, ó ní, "Bàtà."

Ìyá àgbà kò dá sí wọn. Gbogbo ọdún tí Bàbá fi ń bi ayé léèrè, kò gbà kó bi òun. Ó ní obìnrin tó wà nídìí ààrò kò ráyè Ààrẹ. Ohun tí Bàbá kò mọ̀ fún ìgbà pípẹ́ ni pé Ìyá àgbà náà ti mú èédú. Ní ilé ìdáná, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń fa ìlà tirẹ̀, ìlà Bàbá fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí Bàbá wọlé wá mú iyọ̀ tó rí i, ó kọ́kọ́ rò pé ọmọdé ló ń ṣeré.

"Ìyá Rẹ̀mí, kí lèyí?"

"Ẹ̀yin nìyẹn."

Bàbá súnmọ́ ọn. Ìlà náà ti ń bọ̀ wálẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin kan. "Kí ló fa èyí?"

"Ẹ ní ẹ ó la igi ìdáná fún mi. Ọjọ́ kẹrin rèé."

Ẹni tó lè sọ fún ọ ìdí tí Ààrẹ mẹ́ta fi ṣubú kò lè fara da tirẹ̀. Ó gbé àáké, ó la igi títí ọ̀sán fi pọ́n. Nígbà tó parí, ó nu òógùn, ó padà lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn láti wò ó. Ìlà náà kò tíì kúrò níbi tó wà. Ó ké sí i, "Mo ti la igi o!" Ìyá àgbà kò tilẹ̀ gbójú kúrò lórí ọbẹ̀ tó ń rò. Ó ní, "Mo rí yín. Èmi kì í tètè yí bíi ti Nàìjíríà."

Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, tí kò lè rìn jìnnà mọ́, èmi ló pè. Mo ní ọ̀kadà, ó ní Ọlọ́run ló ṣe é. Ó mú mi rìn yí ká fún oṣù méjì láti kọ́ mi, bí ẹni ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ọwọ́. Mo ti rò pé ìbéèrè lásán ni. Àṣé òfin wà níbẹ̀. Má bi ẹni tó jẹun nílé olóṣèlú lọ́sẹ̀ yẹn. Dúró kí oúnjẹ náà dà. Má yí ìbéèrè padà, má fi ọ̀rọ̀ kún un. Má jẹ nǹkan kan nílé ẹni tí o fẹ́ bi títí wàá fi gbọ́ ìdáhùn. Tó o bá sì ń bi í, ilẹ̀ ni kó o wò. Mo ní, kí ni n ó máa wo ilẹ̀ fún? Ó ní, "Kí ojú rẹ má baà dáhùn kí ẹnu rẹ̀ tó dáhùn."

Nígbà ìrìn yẹn ni mo mọ Ìyá Kọ́lá ní Abà Odò. Opó ni, ó ní oko kòkó kan tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ó sì ti wà lára àwọn méjìlá kí wọ́n tó bí mi. Ó máa ń sun iṣu de Bàbá. Yóò gbé e síwájú rẹ̀ pẹ̀lú epo pupa, yóò sì dúró lé e lórí.

"Bàbá Ògiri, uṣu ń tutù o. Ẹ tètè bi mí."

"Bí wọ́n bá ní kó o tún un yàn lónìí, ṣé wàá yàn án?"

"Rárá o!"

Bàbá á wá fọ ọwọ́. Ìyá Kọ́lá ti sọ "rárá" fún Ààrẹ mẹ́ta tẹ̀léra, kò yẹ̀ rí, àyàfi oṣù kan tí kòkó lówó lórí gan-an. Bí a ṣe fẹ́ máa lọ lọ́jọ́ yẹn, ó sin wá dé ibi afárá onígi tó wà lórí odò wọn. Ó di apá Bàbá mú kó má baà yọ̀ ṣubú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ má fi mí sílẹ̀ o. Láyé yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ ń bi mí pé kí ni mo rò."

Mo lọ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mo sì ṣe é bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ni òjò dé. Ọ̀nà Abà Odò di ẹrẹ̀, epo ọkọ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tún lọ sókè. Ní ìparí oṣù kan mo jókòó ní oríta wa, mò ń ta dráfù pẹ̀lú àwọn ọlọ́kadà ẹgbẹ́ mi, mo sì ń ronú. Àwọn tó ń ra kòkó ń sáré kiri lọ́sẹ̀ yẹn, owó rẹ̀ ti lọ sókè ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Mo ní, ṣé ìkòkò ọbẹ̀ kọ́? Mo mọ ohun tí àwọn ará Abà Odò máa sọ kí n tó débẹ̀. Kí ni n ó tún máa fi ọ̀kadà mi ṣe nínú ẹrẹ̀?

Mo padà sílé, mo ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá gbé ojú sókè. "Ìyá Kọ́lá náà?"

"Òun náà, Bàbá."

Ó ní, "Ó dára. Èèyàn lè yí." Ó dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó tẹ àmì náà sókè. Oṣù kejì, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹta, ó bi mí bóyá iṣu Ìyá Kọ́lá ṣì ń dùn. Mo ní ó dùn gan-an. Ó rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ìwọ náà ti wá dèèyàn ìsàlẹ̀ àpò nìyẹn."

Ohun tí mi ò mọ̀, nítorí pé mi ò lọ, ni pé òjò ti wó afárá onígi yẹn láti oṣù àkọ́kọ́. Kòkó lówó lórí lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń rà á kò lè kọjá odò dé Abà Odò, àwọn ará ibẹ̀ kò sì lè gbé tiwọn jáde. Kò sí ibi tí inú ti bàjẹ́ tó ibẹ̀ ní gbogbo agbègbè wa.

Oṣù kẹrin ni àlejò kan ti Adó wá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó ní ìjọba fẹ́ tún ọ̀nà oko àti afárá ṣe, pé kí ìlú sọ ibi tí wọ́n máa kọ́kọ́ dé, nítorí wọn kò lè ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Gbọ̀ngàn ìlú kún. Bí wọ́n ṣe ń jiyàn, ẹnìkan ní, "Ẹ bi Bàbá Ògiri! Òun ló mọ ibi tó ń dun àwọn èèyàn." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Mo dúró lẹ́bàá fèrèsé. Mo fẹ́ sọ nǹkan, mo bá kọjú síta.

Bàbá dìde. Ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn abúlé kan wà tí inú wọn bàjẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ó ní, "Ní ti Abà Odò, oṣù mẹ́ta rèé tí inú wọn ti ń dùn sí ìjọba. Wọ́n lè dúró díẹ̀." Àlejò náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Obìnrin kan dìde lẹ́yìn pátápátá. Ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ìyá Kọ́lá ni.

"Bàbá Ògiri, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ta lẹ bi?"

Ó rìn bọ̀ wá sáàárín gbọ̀ngàn.

"Afárá wa ti wó látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Kòkó mi ń bu nínú ulé, mò ń gbóòórùn rẹ̀ tí mo bá sùn. Ẹ̀mí mi ni mo fi wéwu nínú odò láàárọ̀ yìí kí n tó débí. Ta ló sọ fún yín pé inú mi ń dùn?"

Mo rò pé Bàbá á wo ọ̀dọ̀ mi. Kò wò mí. Ilẹ̀ ló ń wò, bí ìgbà tó ń bi èèyàn ní ìbéèrè. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyá Kọ́lá, mi ò bi yín. Èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ̀yin ìlú, irọ́ ni mo pa fún yín. Sà, ẹ pa ohun tí mo sọ rẹ́."

Àlejò náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Bàbá má ṣèyọnu, kí wọ́n jókòó, pé àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò tí àwọn bá dé Adó. Àwọn èèyàn náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ jókòó, ẹsẹ̀ yín." Bàbá kò jókòó. Ó dúró lórí orúnkún tó ń dùn ún yẹn, ọ̀pá rẹ̀ ń gbọ̀n, títí ẹ̀rín fi tán nínú ilé. Àlejò náà wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó mú bírò rẹ̀ jáde, ó fa ìlà la ọ̀rọ̀ náà kọjá. Ìgbà yẹn ni Bàbá tó jókòó. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Mo fẹ́ rí i pẹ̀lú ojú mi ni."

Ìlú ti dárúkọ àwọn abúlé míì ṣáájú nígbà náà, ìsàlẹ̀ ìwé ni Abà Odò bọ́ sí. Àwọn ará abà fúnra wọn ló padà gé igi, tí wọ́n tún afárá wọn ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kòkó Ìyá Kọ́lá ti ọdún yẹn kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa rà á. Ó bu tán.

Mo fi ọ̀kadà gbé Bàbá délé. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó ní, "Ọ̀la, wàá gbé mi lọ sí Abà Odò." A lọ. Mo gbé e kọjá nínú odò yẹn lẹ́yìn mi, àgbàlagbà tó wúwo. Ó bi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní rárá. Kò sẹ́ni tó fi oúnjẹ lọ̀ wá. Nígbà tó ti tẹ àmì oṣù yẹn sísàlẹ̀, mo gbé omi àti àkísà wá, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n nu àwọn mẹ́ta yẹn kúrò." Ó gba àkísà náà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n wà. Ògiri tí kò ní àṣìṣe, ti olóṣèlú ni."

Ohun kan ṣoṣo tó bá mi wí nìyẹn. Ìyá àgbà bi í pé ta ló mú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wá fún un. Ó ní ogbó ni. Bàbá Tíṣà bi í. Ó ní ogbó ni. Ọ̀rọ̀ náà tàn, ìlú sì gbà á gbọ́. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un ní gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Bàbá Ògiri ti ń ṣarán. Ní oríta wa, àwọn ọlọ́kadà ń sín in jẹ bó ṣe ń dúró tí ọ̀pá rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán: mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ó dé etí Bàbá. Ó jókòó síwájú ògiri rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, ó ń jẹ ẹ̀pà. Mo rò pé inú rẹ̀ máa bàjẹ́. Ó nawọ́ ẹ̀pà sí mi, ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo bí tàwọn ẹlòmíì ṣe ń lọ sílẹ̀. Ó yẹ kí n mọ bó ṣe máa ń rí lára."

Bàbá lọ ní àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, kò ṣàìsàn púpọ̀. Títí ó fi lọ, orúkọ tí ìlú fún un látọjọ́ gbọ̀ngàn yẹn kò kúrò lára rẹ̀: olóòótọ́ tó ṣarán nígbẹ̀yìn. Nígbà ìsìnkú ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín padà, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe mọ̀ wọ́n sí.

Ìyá Kọ́lá wá. Ó rin ọ̀nà yẹn wá tòun ti ọjọ́ orí rẹ̀, ó kí Ìyá àgbà, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó di ọwọ́ mi mú.

"Dàpọ̀, olóòótọ́ ni bàbá rẹ. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ogbó mú un. Ó dùn mí nígbà yẹn, mi ò purọ́, nítorí kòkó mi. Àmọ́ mo ti dárí jì í. Mo dárí jì í pátápátá."

"Ẹ ṣeun, Ìyá."

"Ta ni yóò máa wá bi wá báyìí?"

"Èmi ni."

Mo sì ń lọ. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, mò ń dé Abà Odò, mò ń wo ilẹ̀, mò ń bi í. Ó ń dá mi lóhùn. Èmi ni mi ò tíì lè dá a lóhùn ohun tó béèrè ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ yẹn, pé ta ló sọ pé inú òun ń dùn. Ìgbà mẹ́ta ni mo ti lanu láti sọ ọ́, tí mo tún yí i sí ọ̀rọ̀ òjò.

Àwọn ará ilé ní kí n kọ ìrántí yìí, mo sì ti kọ ọ́ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n Ìyá Kọ́lá kò mọ̀wé kà. Gbogbo Ìṣẹ́ lè kà á, kó má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bó bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ láti ẹnu ẹlòmíì. Gbèsè rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn mi, ojúkojú ni mo sì gbọ́dọ̀ san án: kí n sọ fún un pé ẹni tó dárí jì kọ́ ló ṣẹ̀ ẹ́.